Àkísà Kọ́, Aṣọ Ọmọ Ni

Ọyẹ́ ti gba Ṣakí. Aago méje àárọ̀ ti kọjá, àmọ́ Òkè Asábàrí kò tíì yọjú nínú eruku funfun tó bo ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn, òrí tí ìyá wọn fi pa wọ́n létè àti lẹ́sẹ̀ ń dán. Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó kọjú sí ọ̀nà ọjà, ọmọ iṣẹ́ kan ń fi ìgbálẹ̀ kó ìrépé aṣọ jọ lábẹ́ maṣíìnì: ègé ańkárá aláwọ̀ ewé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí léèsì, apá bùbá tí wọ́n gé ṣì, òfì tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ.

Ó ti gbé e dé ẹnu àpò pàǹtí kí ọ̀gá rẹ̀ tó rí i.

"Ta ló ní kó o dà á nù? Òtútù ń pa èèyàn, ìwọ ń da aṣọ nù!"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì yí padà. Lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, àpò ìrẹsì mẹ́ta ló tò síbẹ̀. Ọ̀kan gba pupa àti àwọ̀ ọsàn, èkejì gba dúdú àti aró, ẹ̀kẹta gba funfun àti gbogbo ohun tó bá ti jọ eruku.

Àǹtí ni àwọn oníbàárà ń pe ìyá aránṣọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní ọmọ-ọmọ. Yúnífọ́ọ̀mù, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ẹbí ni iṣẹ́ tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó búláńkẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí ẹ̀rù ń ba èèyàn láti béèrè, ó ti ń to ìrépé pọ̀ di aṣọ ìbora. Á ki nǹkan tó nípọn sí i nínú, á fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ lẹ́yìn, á wá gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè délẹ̀. Quilt ni àwọn òyìnbó ń pe irú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, aṣọ onírépé ni.

Èyí tó wà lórí maṣíìnì láàárọ̀ yìí jẹ́ ti ọmọ tuntun kan tí ìkómọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá bàbá ọmọ ló sì ń dá gbogbo ilé láàmú nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a máa padà kàn níwájú.

Òtútù tí ará Èkó kò mọ̀

Ẹni tó dàgbà sí Èkó lè rò pé àsọdùn ni. Ọyẹ́ máa ń ya Èkó bí àlejò tí mọ́tò rẹ̀ ń dúró dè níta. Ní Ṣakí, ńṣe ló ń jókòó. Ìlú náà wà lórí ilẹ̀ gíga nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ó jìnnà sí òkun, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ wá láti kòtò ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ibi tí adágún omi wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ táútáú.

Olùkọ́ jọ́gíráfì kan nílùú náà ṣàlàyé ohun tó ń mú kí òru máa mú tó bẹ́ẹ̀. Lásìkò òjò, ìkuukùu àti omi inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án tètè sá lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Oòrùn á wọ̀, ooru á gba òkè lọ, òtútù á sì gba ilé. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń bọ́ súwẹ́tà lọ́sàn-án ní Ṣakí, tí yóò sì máa gbọ̀n ní ìdájí.

Ilé páànù tí kò ní àjà kò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn máa ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé pa nítorí eruku. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ikú ni. Èédú tó ń jò nínú yàrá títì ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò lóòórùn, tí kò ṣeé rí, tó sì lè pa odindi agbo ilé lójú oorun. Aṣọ ìbora tó nípọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán nírú ìlú báyìí.

Ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀

Bí èèyàn bá fi àwòrán aṣọ onírépé ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà han àwọn àgbà Ṣakí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní ti òyìnbó ni. Mi ò lè sọ pé wọ́n purọ́. Aṣọ ibùsùn onípele mẹ́ta tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gán kì í ṣe ohun tí ìyá wa àgbà fi sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ojú tó mọ bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀, àti ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ègé mọ́ ègé, ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́.

Ẹ wo òfì tí wọ́n ń hun ní Ìṣẹ́yìn. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ ló ń jáde lórí òfì àwọn ọkùnrin. Kò sí agbádá kan, kò sí ìró kan, tí wọn kò ní láti rán ọ̀pọ̀ irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹni tó ń rán an kò bá ní ojú inú, ìlà á ṣì, aṣọ á wọ́. Àwọn obìnrin ní tiwọn ní òfì òòró tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri nínú ilé, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kíjìpá. Aṣọ fífẹ̀ tó nípọn ni, òwú ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ún, ó sì ń pẹ́ lára débi tí wọ́n fi ń pè é ní aṣọ ọ̀lẹ: ẹni tó bá ti ní i kò ní wá òmíràn fún ìgbà pípẹ́. Kíjìpá ni búláńkẹ́ẹ̀tì Òkè-Ògùn kí búláńkẹ́ẹ̀tì tó dé.

Tí a bá wá ń sọ ti ìrépé gan-an, egúngún ni kí á lọ wò. Aṣọ lórí aṣọ, ègé lórí ègé, àrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ańkárá, òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ òkèèrè, etí wọn gé ṣónṣó ṣónṣó bí eyín ayùn. Ẹbí máa ń fi tuntun kún ti àtijọ́, nítorí náà egúngún tó ti pẹ́ máa ń wúwo gan-an lára ẹni tó gbé e. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ìyẹn ní àkísà.

Ká kọjá ẹnubodè sí Bẹ̀nẹ̀, Abomey wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà ààfin níbẹ̀ ni láti gé ẹranko àti ohun ìjà láti ara aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi, kí wọ́n sì rán an mọ́ orí aṣọ mìíràn fún ọba Dàhòmì. Ẹfọ̀n ni àmì Guezo, kìnnìún ni ti Glele ọmọ rẹ̀, ẹja ekurá ni ti Béhanzin. Àwọn ọmọ-ọmọ oníṣọ̀nà wọ̀nyẹn ṣì ń rán an, àwọn arìnrìn-àjò ni oníbàárà wọn báyìí. Ní àríwá sì rèé, láàárín àwọn Haúsá àti Kànúrí, ẹṣin ogun láyé àtijọ́ ló ń wọ aṣọ onípele tí wọ́n ki òwú àràbà sí nínú, tí wọ́n sì gán fọ́nfọ́n kí ọfà má baà rí ọ̀nà wọlé. Gbogbo rẹ̀ yí Ṣakí ká. Ohun tí Àǹtí ṣe kò ju pé ó kó wọn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ìpele mẹ́ta

Fífọ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ańkárá tuntun ní táàṣì lára, bí wọ́n bá rán an láìfọ̀, yóò sún kì nígbà tí omi bá kàn án, yóò sì fa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àdìrẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí máa ń rẹ ẹ́ sínú omi, á da omi náà nù, á tún rẹ ẹ́, títí omi á fi mọ́ gaara. Aró tó bá jáde sára funfun nínú aṣọ ọmọ, ọṣẹ kan kò sí tó máa bá a yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn áyọ́ọ̀nù ni páálí. Ó ti gé páálí bisikíìtì kan sí íǹṣì márùn-ún níbùú lóòró. Orí ìrépé ló ń gbé páálí náà lé, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, á sì gé e. Bí ó bá rán ìdajì íǹṣì wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, íǹṣì mẹ́rin ló máa kù lójú aṣọ. Mẹ́sàn-án níbùú, mẹ́sàn-án lóòró: ègé 81 ló ń di aṣọ ọmọ tó jẹ́ íǹṣì 36 sí 36. Aṣọ àgbà a máa gba ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ó tó rán ẹyọ kan, wọ́n á kọ́kọ́ tò ó sórí ẹní. Ibí ni ariwo wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á dúró yí i ká, ọ̀kan á ní pupa ti pọ̀ jù lápá ọ̀tún, èkejì á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ègé kan sí ibòmíràn, Àǹtí á na ẹsẹ̀ náà ní téèpù. Mo rí i tí ó yọ ègé léèsì kan kúrò, ó dá a padà, ó tún yọ ọ́. Léèsì kì í bá ańkárá ṣe ọ̀rẹ́. Ó ń fà, ihò ara rẹ̀ sì ń fa òwú abẹ́rẹ́ jáde.

Ohun tó máa wọ inú ni ìṣòro ńlá. Òwú àràbà pọ̀, ó fúyẹ́, àwọn ará ìlú sì ti ń kì í sí ìrọ̀rí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ̀, kì í di ara mú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ aṣọ náà, gbogbo rẹ̀ á lọ kó jọ sí igun kan. Òwú gidi, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbìn, ló dára jù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀, tí wọ́n sì ti gbọ̀n títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ta ló rí àyè ìyẹn? Aṣọ ìbora òkìrìkà tó ti fẹ́lẹ́ ni Àǹtí sábà máa ń tẹ́ sí àárín. Nígbà tí oníbàárà bá mú kíjìpá ìyá rẹ̀ wá, á lò ó, aṣọ náà á sì wúwo bíi pé èèyàn kan sùn lé ni.

Ìgán ló kẹ́yìn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gán an. Láti àárín ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa lọ sí etí, kí aṣọ má baà kó jọ sáàárín. Ìlà kan kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn tó ń wò ó rò pé fún ẹwà ni. Ìlà wọ̀nyẹn ló ń di inú aṣọ mú. Tí wọ́n bá jìnnà síra, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì péré ti tó láti bà á jẹ́.

Àpẹẹrẹ láti ojú ọ̀run

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Àǹtí ní fóònù, wọ́n sì ń rí àwòrán aṣọ onírépé láti gbogbo ayé: ilé onígi, ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ, ewé igi tó ń wọ́ nígbà tí òtútù ilẹ̀ òyìnbó bá fẹ́ dé. Wọ́n kọ́kọ́ ń wò wọ́n kọ. Ewé pupa wọ̀nyẹn lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ kí ló kan ọmọ Ṣakí níbẹ̀? Èmi ò rí ìdí tí a ó fi máa rán ìgbà òtútù ẹlòmíràn nígbà tí tiwa ń fẹ́ eruku sí wa lójú.

Àrà tó gbajúmọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí ni wọ́n fi oṣù mẹ́sàn-án oyún ṣe. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kìíní, oṣù kẹrin ni oyún rẹ̀ dúró, ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ń rọ̀. Nítorí náà, ìlà mẹ́sàn-án aṣọ rẹ̀ á máa bá oṣù lọ. Ìlà òkè pátápátá á jẹ́ àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀, èyí tí koríko máa ń ní lẹ́yìn òjò méjì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ewé á máa ṣú sí i. Nígbà tó bá kan oṣù keje àti ìkẹjọ, ìrépé ẹtù àti àdìrẹ ló ń wọlé, nítorí òjò ńlá tó ń ṣú dẹ̀dẹ̀. Oṣù kẹwàá gba pupa rẹ́súrẹ́sú, bí orí ọkà bàbà tó ti gbó. Ti ìkọkànlá jẹ́ àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpò eruku: funfun tí kò mọ́, eérú, àwọ̀ sányán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, á mọ oṣù tí wọ́n bí ọmọ náà kó tó bi ìyá rẹ̀.

Lókè òkun, àwọn kan wà tí wọ́n ń rán ìlà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, tí àwọ̀ ìlà náà sì ń tẹ̀lé bí ọjọ́ ṣe gbóná tó. Fóònù máa sọ iye ìgbóná ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní Ṣakí. Àǹtí ní òun kò ní sùúrù ìlà 365. Mànàmáná ni òun fẹ́ràn: ègé onígun mẹ́ta tí wọ́n tò wọ́gọwọ̀gọ, funfun lórí aró, ó yá rán, ó sì ń lo ìrépé kékeré tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú ìtò yìí, orúkọ mànàmáná ni wọ́n sì fi ń pè é. Níbí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mànàmáná ní olúwa rẹ̀. Oníbàárà kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ ní kí wọ́n yí ti òun padà sí òṣùmàrè, nítorí òun ò fẹ́ aṣọ Ṣàngó lára ọmọ òun. Àwọn aládìrẹ ti gba òṣùpá tiwọn tipẹ́: òṣù bàmbà ni wọ́n ń pe òbìrìkìtì ńlá tí wọ́n máa ń fi okùn dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró.

Bóyá ẹni tó fi ojú ọjọ́ rán aṣọ jù lọ ni Harriet Powers, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Georgia ní 1837. Méjì nínú aṣọ rẹ̀ ló ṣẹ́kù láyé. Ọ̀kan wà ní ilé àkójọ Smithsonian ní Washington, èkejì wà ní Boston. Ti Boston, tó rán ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn Bíbélì ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan ní oṣù karùn-ún 1780 sí i, ó fi òru tí ìràwọ̀ ń já bọ́ bí òjò ní oṣù kọkànlá 1833 sí i, ó sì fi Ọjọ́bọ̀ kan tí òtútù pa èèyàn ní oṣù kejì 1895 sí i. Wọn kò tíì bí i nígbà tí méjì àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹnu àgbà ló ti gbọ́ wọn, abẹ́rẹ́ ló fi kọ wọ́n sílẹ̀.

Àkísà fún ọmọ tuntun?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ń dá ilé láàmú. Nígbà tí ó gbọ́ pé aṣọ tí ọ̀rẹ́ ìyàwó ọmọ òun fẹ́ fi ta ọmọ lọ́rẹ jẹ́ ti ìrépé, ó figbe ta. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fi àkísà bo ọmọ òun?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyá náà kàn le lórí ni. Nílẹ̀ Yorùbá, àkísà àti ọmọ ọwọ́ ní ìtàn. Ọmọ àbíkú ni wọ́n máa ń wọ̀ ní aṣọ tó gbó, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i bí ẹni tí kò ní láárí, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àkísàtán wà lára orúkọ tí wọ́n ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: àkísà tí wọ́n fi ń sin ín ti tán, kó yáa jókòó. Obìnrin tó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn ládùúgbò rẹ̀ nígbà èwe, tó rí ìyá tó ń sọ ọ́, kò lè rí ìrépé lára ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó dákẹ́.

Àǹtí kò bá a jiyàn. Ó mú àpò rẹ̀ jáde, ó sì fi han ìyá náà pé kò sí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀ rí níbẹ̀. Orí tábìlì ìgéṣọ ni gbogbo rẹ̀ ti já bọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rántí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá wo ègé àwọ̀ ewé kan, ó wò ó dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n ti rán aṣọ ẹbí náà. Ó fọwọ́ kan ìrépé yẹn, ó fọwọ́ kan èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ti ta ni èyí, ti ta ni tọ̀hún. Nígbà tó máa fi lọ, ó ti ní òun máa fi etí ìró òun kan ránṣẹ́ kí wọ́n fi kún un. Ìró náà kì í ṣe tuntun.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, ni pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù aṣọ tó gbó. Aṣọ tí kò ní ẹni là ń bẹ̀rù. Ìró ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ wa fi wé ọmọ wa fún ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, bó sì ṣe gbó tó ni ó ṣe rọ̀ tó.

Ní Íńdíà, láàárín àwọn Siddi tó wà ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ àríyànjiyàn. Ìran Áfíríkà ni wọ́n, púpọ̀ nínú baba ńlá wọn wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà bí ẹrú, ọmọ ogun àti atukọ̀. Àwọn obìnrin wọn ń rán aṣọ onírépé tí wọ́n ń pè ní kawandi láti ara aṣọ tó ti gbó lára ẹbí, ti ọmọ ọwọ́ sì wà nínú rẹ̀. Etí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gán an yípo wọ àárín, òdìkejì bí Àǹtí ṣe ń ṣe. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa ń fi ègé kékeré onígun mẹ́ta sí. Òdòdó ni wọ́n ń pè é, aṣọ tí kò bá ní i, wọ́n ní ìhòòhò ló wà. Henry Drewal, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tó kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ló bá wọn dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní 2004 kí wọ́n lè máa rí iṣẹ́ wọn tà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ní Ṣakí ní ohun mìíràn tó ń kọ ọ́ lóminú, kò sì kan àbíkú. Aṣọ tó nípọn kò dára lórí ọmọ tó dá sùn tí kò tíì pé ọdún kan. Ó lè bo imú rẹ̀, ó sì lè mú kí ara rẹ̀ gbóná jù, ọwọ́ ọmọ kò sì tíì lágbára láti ṣí i kúrò. Ìmọ̀ràn tó ń fún àwọn ìyá ni pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọmọ láti jókòó tàbí rá lé lórí, tàbí kí wọ́n fi bò ó lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà ní ìdájí, kí orí àti imú rẹ̀ wà níta. Ní ti ọmọ tí kò tó ọjọ́ tí wọ́n fi bí i, ara ìyá gan-an ni aṣọ ọyẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ní Bogotá, ní ilẹ̀ Colombia, ti bẹ̀rẹ̀ sí í so irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà ìyá wọn láti 1978 nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru kò tó, ọ̀nà náà sì ti dé ilé ìwòsàn wa.

Àǹtí gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, ó sì ti dín ìnípọn aṣọ ọmọ rẹ̀ kù. Kò fi bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí i mọ́ pẹ̀lú, nítorí ẹnu ni ọmọ fi ń mọ gbogbo nǹkan.

Ta ni yóò san owó ọwọ́?

Ìrépé kò gba owó. Òwú ìránṣọ kò wọ́n púpọ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ fi ń gán aṣọ ni oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́. Aṣọ ọmọ kan lè gba ọjọ́ mẹ́rin láàárín iṣẹ́ mìíràn, ti àgbà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Búláńkẹ́ẹ̀tì onírun láti Ṣáínà wà lọ́jà, ó ní àwòrán ẹkùn lára, ó móoru, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Obìnrin kan tó ń ta búláńkẹ́ẹ̀tì náà sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun ò bẹ̀rù aṣọ onírépé rárá. Mo gbà á gbọ́.

Harriet Powers tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ipò nǹkan le fún un ní 1891, dọ́là márùn-ún ni ó gba lórí aṣọ Bíbélì rẹ̀, lẹ́yìn tó ti béèrè mẹ́wàá. Ní Gee's Bend, abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama, sòkòtò iṣẹ́ oko tó ti gbó ni àwọn obìnrin ń gé rán kí òtútù má baà pa ọmọ wọn. Ní 1966 ni àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè rí owó gidi lórí iṣẹ́ wọn. Ní 2002, wọ́n gbé aṣọ Gee's Bend kọ́ sára ògiri ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Houston. Ní 2006, àwòrán wọn wà lórí sítáǹbù Amẹ́ríkà. Ní àkókò tiwa, Bisa Butler, tí bàbá rẹ̀ wá láti Gánà, ń fi irú ańkárá tó wà nínú àpò Àǹtí rán àwòrán èèyàn, àwọn ilé àkójọ ńláńlá sì ń rà á.

Inú mi dùn sí gbogbo ìyẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ kí aṣọ Ṣakí lọ kọ́ sára ògiri. Òtútù kò sí lára ògiri.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò owó, tó jẹ́ oníbàárà ṣọ́ọ̀bù náà, ló gba Àǹtí nímọ̀ràn pé kó máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lò lórí aṣọ kan, kó sì fi owó ọ̀yà ọmọ iṣẹ́ tó ti yege sọ ọ́ di owó. Ó gbìyànjú rẹ̀ lórí aṣọ mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lásìkò ọyẹ́ yìí. Nígbà tó dárúkọ iye owó, oníbàárà àkọ́kọ́ ní òun ń bọ̀, kò padà wá. Èkejì bínú, ó ní ṣé kì í ṣe ìrépé ni. Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́bìnrin kan tó fẹ́ fi ta ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ ní Ìbàdàn, ka ìlà ṣọ́ọ̀kì náà fúnra rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó san ìdajì, ó ní kí wọ́n bá òun yọ gbogbo léèsì ibẹ̀ kúrò nítorí ó máa ń ha ọmọ lára.